Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tí Ń Gbèrò Pápá Gọ́ọ̀fù Tuntun ní Iléṣà: Ẹ Wọn Ìgbá Wa Kí Ẹ Tó Wọn Ilẹ̀

Sí alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń gbèrò pápá gọ́ọ̀fù tuntun fún Iléṣà àti agbègbè rẹ̀,

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, mo kí yín kú iṣẹ́ tí ẹ dáwọ́ lé. Ó ti pẹ́ tí àwa tí a ń gbá gọ́ọ̀fù ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ti ń wá pápá tí kò ní jẹ́ kí á máa rin ìrìn àjò kí á tó rí ibi tí a ó ti gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà èmi kọ́ ni n ó sọ pé èrò yín kò dára. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì kọ ọ́ síta gbangba dípò kí n fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé yín, ni gígùn tí ẹ kéde fún wa ní ìpàdé tó kọjá: 7,200 yáàdì fún ihò 18, bí a bá wọ̀n ọ́n láti orí tíì, ìyẹn ibi tí a ti ń gbá ìgbá àkọ́kọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni pápá tó níyì ṣe ń gùn, ẹ sì ní ìlú tó bá fẹ́ kí àwọn gbajúmọ̀ inú eré náà wá gbá níbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́ pápá kékeré. Èmi kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ń gbá gọ́ọ̀fù fún ìgbádùn ara mi títí di òní. Lójú mi, ẹnikẹ́ni kò wo ọwọ́ àwa tí a máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kó tó mú 7,200 jáde.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyí: báwo ni bọ́ọ̀lù ṣe ń jìnnà tó nígbà tí ẹni tí kò fi gọ́ọ̀fù jẹun bá gbá a láti orí tíì? Nídìí tábìlì, lẹ́yìn tí eré bá parí tí wọ́n bá ti gbé ọtí tútù wá, kò sí ọkùnrin kan láàrin wa tí ìgbá àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tó 250 yáàdì. Mo ti gbọ́ 270, mo ti gbọ́ 280, mo sì ti gbọ́ ti ẹnì kan tó ní bọ́ọ̀lù òun kọjá gíríìnì, ìyẹn ojú koríko kúkúrú tí ihò wà, lórí ihò tó jẹ́ 310. N kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Àmọ́ àwọn tó gbé ohun ìwọ̀n lọ sórí pápá kò bá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bíi tiwa.

Àjọ R&A, tó fi ìlú St Andrews ní Scotland ṣe ibùjókòó, òun àti USGA ti Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo ayé. Láti ọdún 1996 ni R&A ti ń rán òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn pápá ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wọn ibi tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúró sí lẹ́yìn ìgbá àkọ́kọ́, yálà ẹni náà mọ̀ ọ́n gbá tàbí kò mọ̀ ọ́n gbá. Ní 1996, ìpíndọ́gba ìgbá àwọn ọkùnrin jẹ́ 200 yáàdì. Nígbà tó fi máa di 2019, ó ti di 216. Ẹ bá mi wò ó: gbogbo dráífà (ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù lọ) olórí ńlá tí wọ́n ń kó jáde lọ́dọọdún, gbogbo bọ́ọ̀lù tuntun, gbogbo ìpolówó ọjà láàrin ọdún mẹ́tàlélógún, yáàdì 16 péré ni wọ́n fi kún un, ibi ìbẹ̀rẹ̀ àkókò náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọlé. Bí a bá sọ 216 di mítà, kò tó 200. Ti àwọn obìnrin kò tó 150 yáàdì. Nínú àwọn ọkùnrin náà, ẹni tí háńdíkáàpù rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, bó bá ṣe kéré ló ṣe dára) kò tó 6, tó jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí, ń gbá a tó nǹkan bí 240. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá 20, tí wọ́n sì pọ̀ láàrin wa jù bí a ṣe ń jẹ́wọ́ lọ, kì í sábà dé 180.

Ẹnì kan lè ní ti àjọ kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọn tó ni ẹ̀rọ Trackman, tó ń fi rédà tọpa bọ́ọ̀lù láti ìgbà tó bá ti kúrò lórí ọ̀pá, bá ìpíndọ́gba 214 yáàdì pàdé lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gbá gọ́ọ̀fù fún ìgbádùn. Ilé iṣẹ́ Arccos, tó ń fi ohun kékeré kan sí ìdí ọ̀pá láti ka gbogbo ìgbá oníbàárà rẹ̀, rí nǹkan bí 225. Níbẹ̀, àwọn tó wà láàrin ọdún 20 sí 29 ń gbá a tó nǹkan bí 240, àwọn tó ti lé ní 70 sì wà ní nǹkan bí 190. Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n yàtọ̀ síra, àwọn tí wọ́n wọ̀n kì í ṣe ènìyàn kan náà, síbẹ̀ ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn forí sọ, ibẹ̀ sì jìnnà sí 270.

Eré tí orí ọ̀pá ń sá nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù ló fà á. Ọkùnrin tí gọ́ọ̀fù kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ máa ń ju orí dráífà pẹ̀lú eré tó tó máìlì 93 ní wákàtí kan; àwọn tó ń gbá ní PGA Tour, ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà, ń jù ú lé ní máìlì 110 dáadáa. Bọ́ọ̀lù kì í sì í fi orí ọ̀pá sílẹ̀ pẹ̀lú eré tó fi bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po kan àbọ̀ eré orí ọ̀pá náà lọ, torí òfin ti dí ojú dráífà mọ́lẹ̀ kó má baà máa ta bọ́ọ̀lù bíi rọ́bà. Àní ìlọ́po kan àbọ̀ yẹn, ẹni tó bá fi àárín ojú ọ̀pá gan-an gbá a ló máa rí i. Ẹni tó bá fi etí ọ̀pá gbá a, tàbí tó gbá a sókè fíofío bí ẹni ń ju òkò mángòrò, ti sọ yáàdì 20 tàbí 30 nù kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Kí á má gbàgbé pé ọ̀pá tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, tí wọ́n gé fún ẹlòmíràn ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ọ̀pá líle tó yẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára ló sì wà lọ́wọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀ fún mi: wọ́n á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tutù, oòrùn tiwa á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́ ju èyí tó tutù lọ, Iléṣà sì ga ju ojú òkun lọ ní èyí tó lé ní 300 mítà, èyí tó tún ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ń gbá 200, gíga ilẹ̀ wa kò lè fún un ju yáàdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ohun tó ń yí ìgbá padà lọ́dọ̀ wa ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí koríko bá ti gbẹ tí ilẹ̀ pupa sì ti le bí ojú títì, bọ́ọ̀lù lè kan ilẹ̀ kó tún yí títí lọ. Tó bá di oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án, ibi tó bá bọ́ sí náà ló máa rì mọ́, nígbà mìíràn a ó tún máa fi ọwọ́ wá a nínú ẹrẹ̀. Oṣù tí òjò ń rọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà sì ju oṣù tí ọyẹ́ ń fẹ́ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi ìgbá oṣù Kìíní ṣe ìwọ̀n pápá, ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí àwa díẹ̀ ti máa ń dánra wò, mo gbé téèpù tí mo fi ṣiṣẹ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàrin wa tí wọ́n ń ta páànù àti irin, ẹni tó lágbára, tí gbogbo wa gbà pé wọ́n mọ dráífà lò. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé tíì, wọ́n ya ẹsẹ̀, wọ́n sì gbá a lọ́nà tó wù mí púpọ̀: ó lọ tààrà, ó bọ́ sílẹ̀ gbígbẹ, ó tún yí díẹ̀ kó tó dúró. Wọ́n ní, “Èyí ò lè dín ní 260.” Mo kan èèkàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ tíì, ọmọ kádì kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá wa gbé àpò ọ̀pá, sì fa etí téèpù lọ, nígbà tí 100 mítà parí, a kan èèkàn mìíràn a sì tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mítà 191 àti díẹ̀ ni a rí, tó jẹ́ 209 yáàdì. Ẹ̀gbọ́n náà tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ka nọ́ńbà ojú téèpù náà fúnra wọn, wọ́n sì bi mí bóyá kò ti fà láti ìgbà tí mo ti ń lò ó. Téèpù irin ni. Ọmọ kádì náà kọjú sí igbó kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Àwọn yòókù tí wọ́n ti tò láti gbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀yìn ń dun àwọn.

Kò sí ìtìjú nínú 209. Ó sún mọ́ ìpíndọ́gba tí R&A rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi dùn, nítorí ó fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe wá tí kò ṣe àwọn mìíràn. Àṣìṣe ibi tí a ti ń rí 260 náà sì yé mi. Ìgbá kan tó bá ojú ọ̀nà gbígbẹ tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ pàdé ni ènìyàn ń rántí, kì í ṣe mẹ́wàá tó wọ igbó. Nọ́ńbà ara pátákó ihò ni a sì fi ń ṣírò, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè ti gbé tíì síwájú láti ìgbà pípẹ́ láìtún pátákó kùn.

Ẹ wá gbé 209 yẹn lọ sórí pápá 7,200 yáàdì yín. Ihò páà mẹ́rin, ìyẹn èyí tó yẹ kí a fi ìgbá mẹ́rin parí, á máa tó 430 níbẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó gbá ìgbá tó wù mí yẹn á dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀lù wọn, á sì ku yáàdì 221 níwájú wọn, èyí tó ju ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dráífà gbá láti orí tíì lọ, tí bọ́ọ̀lù sì ti wà nínú koríko báyìí. Bí wọ́n tilẹ̀ gbá a dáadáa lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò lè dé gíríìnì. Ní ti àǹtí kan tó jẹ́ olùkọ́, tí wọ́n máa ń bá wa gbá, tí téèpù mi fún ní 140 (ìgbá tó mọ́, tó tọ́, tí n kò rí ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀), á ku 290. Ìgbá méjì sí i tí ìkọ̀ọ̀kan tó 120 á ṣì fi 50 sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n á tó tẹ gíríìnì, níbi tí iye ìgbá tí ẹ yàn fún ihò náà ti yẹ kó parí pátápátá. Ẹni tó ń gbá 300 ńkọ́? Yáàdì 130 ló kù fún un, ọ̀pá kúkúrú ló máa fà yọ. Ihò kan náà ni, ṣùgbọ́n eré mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ṣe, ẹni kẹta tí ẹ kọ́ pápá náà fún kò sì sí nínú ẹgbẹ́ wa.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí èyí. Ní 2011, PGA ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù níbẹ̀, àti USGA jọ gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Tee It Forward, tí wọ́n fi ń rọ àwọn ènìyàn láti gbá láti orí tíì tó bá ìgbá wọn mu. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń gbá dráífà 300 ni wọ́n ní kó máa gbá lórí pápá tó wà láàrin 7,150 sí 7,400 yáàdì. Ẹni tó ń gbá 250, 6,200 sí 6,400 ló tọ́ sí i. Fún 225, ó jẹ́ 5,800 sí 6,000. Fún 200, ó jẹ́ 5,200 sí 5,400. Fún 150, ó jẹ́ 3,500 sí 3,700. Ẹ bá mi ka ìlà àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì sọ fún wa, nínú gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́, ẹni tí ìlà náà ń bá wí. Télọ̀ tó bá gé aṣọ kó tó wọn oníbàárà rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Bóyá ẹ máa sọ pé àwọn ọmọ kádì wà. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ́ sí kí á dúró lé lórí díẹ̀. Mo ti rí ọmọ kádì tó wọ sálúbàtà, tó gba ọ̀pá irin ọ̀gá rẹ̀ tó sì fi gbá bọ́ọ̀lù kọjá ibi tí ọ̀gá fi dráífà gbá tirẹ̀ sí. Láti ìdí gbígbé àpò fún àwọn ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì ń wá ẹni tó máa gbá 280 ní Iléṣà, àárín wọn ni ẹ ó ti rí i. Àmọ́ ṣé nítorí wọn ni ẹ fi yan 7,200? N kò gbọ́ ọ nínú àlàyé yín. Nínú ìwé tí ẹ pín, kò sí ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ náà láti gbá, kò sí owó ọ̀pá, kò sí olùkọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fún wọn, ẹ fún wọn ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì fún wọn ní tíì ẹ̀yìn lórí ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ààyè bá gbà á. Ìyẹn á wúlò fún wọn ju ihò 18 gígùn tí wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti gbá lọ.

Ní ti àwọn gbajúmọ̀ tí ẹ ń retí, ìgbá tiwọn gùn lóòótọ́, ó sì ń gùn sí i. Ní PGA Tour, ìpíndọ́gba wọn ní 1980 kò ju nǹkan bí 257 yáàdì lọ. Ní 1997, John Daly di ẹni àkọ́kọ́ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ fún odindi sáà kan kọjá 300, ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu nígbà náà. Ní 2003, ti gbogbo wọn lápapọ̀ ti di nǹkan bí 286. Ní 2023, ó ti kan 300. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ni pápá ní òkè òkun fi ń ra ilẹ̀ kún ilẹ̀, tí wọ́n ń ti tíì sẹ́yìn títí ó fi fẹ́ kan ògiri ará ilé kejì. Ní 2020, R&A àti USGA fúnra wọn sọ nínú ìjábọ̀ wọn pé kí ìgbá máa gùn, kí pápá máa gùn tẹ̀lé e, kò ṣe eré náà láǹfààní lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2023, wọ́n kéde pé àwọn máa le sí i nínú bí àwọn ṣe ń dán bọ́ọ̀lù wò: ẹ̀rọ tó ń gbá a máa fi eré máìlì 125 ní wákàtí kan gbá a dípò 120, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù náà kò gbọdọ̀ kọjá 317 yáàdì pẹ̀lú àfikún mẹ́ta tí wọ́n ti ń gbà láyè tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣírò pé àwọn tó ń gbá jìnnà jù lọ lè pàdánù yáàdì 13 sí 15, pé fún irú àwa kò ní ju márùn-ún lọ, àti pé ó di 2030 kó tó kàn wá. Àwọn tó ni òfin ti ń fa ìjánu ní tiwọn, ẹ̀yin wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré sísá níbi tí wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa dúró.

Ní báyìí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bíi wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Mo ti fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ tí ẹ ń wò lójú ọ̀nà Òṣú. Kòkó àti obì ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ìdílé tó ni ín ṣì ń ká a. Bí ẹ bá dín gígùn pápá kù láti 7,200 sí 6,000, yáàdì 1,200 ni ẹ yọ. Bí a bá ka fífẹ̀ ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà sí 70 yáàdì péré, tí kò sì fẹ̀ jù fún àwọn tí ìgbá wọn máa ń yà sọ́tùn-ún bíi tiwa, ìyẹn jẹ́ 84,000 yáàdì níbùú lóròó, tó lé ní éékà 17, tó sì tó hẹ́kítà méje. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tó lé ní 150 ni, bí a kò bá yọ títì. Bí wọ́n bá gbin kòkó síbẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, igi tó lé ní 7,000 ló máa gbà. Gbogbo èyí, ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹun lórí rẹ̀, nítorí tíì tí a kò ní gun orí rẹ̀ àti ojú pápá tí bọ́ọ̀lù wa kò ní dé. Kí ìdílé kan tó fọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kí ẹ sọ ìyẹn fún wọn bó ṣe rí. N kò tíì mẹ́nu kan díísù ẹ̀rọ tó máa gé koríko náà, tàbí omi tó máa bomi rin ín nígbà ọyẹ́, nítorí akápò yín mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ohun kan tún wà nínú àwòrán tí ayàwòrán yín gbé wá tí mo fẹ́ kí ẹ tún wò dáadáa. Lórí ihò keje, wọ́n gbé tíì sí ẹ̀yìn odò, tó fi jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ní láti fò 180 yáàdì kó tó kan ilẹ̀ gbígbẹ. Nínú ìgbá 209 ẹ̀gbọ́n wa, ibi tó rìn lójú afẹ́fẹ́ kí ó tó kan ilẹ̀ kò ju nǹkan bí 190 lọ, ìyẹn sì jẹ́ ìgbá tó dára. Lọ́jọ́ tí ara bá wúwo, inú odò ló ń lọ. Fún àǹtí olùkọ́, kò sí ọjọ́ kankan tí wọ́n lè gbá a kọjá. Gbogbo báńkà, ìyẹn kòtò oníyanrìn, ẹ̀gbẹ́ ojú pápá ni wọ́n sì tò sí 280, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ti ní bá yanrìn wọn pàdé láéláé, àfi bí a bá ń rìn kọjá. Báńkà tó bá wà ní 190 sí 220 ló máa mú wa ronú lórí tíì. Èyí tí wọ́n yà yìí, owó yanrìn lásán ni.

Mo gbọ́ pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sọ pé pápá kúkúrú kò ní lè fún ènìyàn ní háńdíkáàpù tí ayé mọ̀. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Láti 2020 ni ètò háńdíkáàpù kan ṣoṣo ti wà fún gbogbo ayé, ó sì ń gba àmì ihò mẹ́sàn-án wọlé. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2024, wọ́n sọ gígùn tó kéré jù lọ tí pápá ihò 18 lè ní di 1,500 yáàdì, ti ihò mẹ́sàn-án sì di 750. Kódà bí ẹ bá kọ́ ihò mẹ́sàn-án péré, kí a máa gbá a lẹ́ẹ̀mejì láti orí tíì tó yàtọ̀, nọ́ńbà wa á ṣiṣẹ́ níbikíbi tí a bá lọ. Bí owó bá ṣòro, ohun tí èmi ìbá yàn gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò fi dandan lé e.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ dá àwòrán náà dúró, kí a sì kọ́kọ́ wọn ìgbá àwọn tó máa lo pápá: àgbà àti ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, àwọn tó ń ti Ilé-Ifẹ̀ wá, àti àwọn ọmọ kádì náà. Kí a wọ̀n ọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, kí a tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn òjò. Kí gbogbo ìgbá wọ inú ìwé, èyí tó wọ igbó náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ayàwòrán jókòó. Bí ohun tí a bá rí bá jọ èyí tí mo ti kọ sókè yìí, mo rò pé tíì tí ọ̀pọ̀ wa máa lò á wà ní nǹkan bí 5,300 yáàdì, èyí tó wà níwájú fún àwọn ìyá wa àti àwọn àgbàlagbà kò ní kọjá 4,000, tíì ẹ̀yìn kò sì ní kọjá 6,000. Tíì tó wà níwájú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dọ́gba kí ẹ sì gbin koríko gidi síbẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti gbá, òkúta funfun méjì lásán ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ fún àwọn obìnrin lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá sì yàtọ̀ sí tèmi, tí ó fi hàn pé a ń gbá 270 lóòótọ́, mo ṣèlérí níwájú gbogbo ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí pé n kò ní tún sọ ọ̀rọ̀ nípa 7,200 mọ́.

Kò ní ná yín lówó. Téèpù wà lọ́wọ́ mi, èèkàn àti òòlù náà wà, àwọn ọmọ kádì sì ti gbà láti fà á bí ẹ bá lè fún wọn ní oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ṣáà dá ọjọ́ Sátidé kan fún wa kí katapílà tó wọ ilẹ̀ náà, kí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ pẹ̀lú mú dráífà yín dání wá, kí alága sì kọ́kọ́ gbá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà.